Ṣé O Mọ̀? Bí Mẹ̀kúnnù Ṣe Ń Di Onílé Láti Lẹ́kì Dé Ajah

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ kan tí èrò ọkọ̀ ń pariwo lójoojúmọ́ lójú ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ jẹ́ orúkọ gómìnà tó kọ́lé fún mẹ̀kúnnù? "Jákàńdè, ó wà o!" Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè di gómìnà Èkó ní oṣù Kẹwàá ọdún 1979. Lásìkò rẹ̀ ni wọ́n la títì náà fúnra rẹ̀, ìgbà rẹ̀ náà sì ni ilé olówó pọ́ọ́kú hù káàkiri ìpínlẹ̀ yìí. Èyí tó wà ní Ilasan, láàárín àwọn ẹ̀sítéètì olówó, ló bí ìdíkọ̀ tí à ń pè ní Jákàńdè.

Ṣé o mọ̀ pé gómìnà tó ń kọ́lé fún ẹlòmíì yìí kò gbé ilé ìjọba? Ilé tirẹ̀ ní Ìlúpéjú ló ti ń jí lọ síbi iṣẹ́, ọkọ̀ tirẹ̀ ló sì ń gùn. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2021, ní ẹni ọdún 91.

Ṣé o mọ̀ pé ilé tí kò tíì parí ni wọ́n kó àwọn ará Maroko, àdúgbò mẹ̀kúnnù kan ní Èkó, sí? Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983 ni ológun gbàjọba, iṣẹ́ sì dúró lórí ọ̀pọ̀ ilé Jákàńdè. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba Raji Rasaki, gómìnà ológun Èkó, kó katakata wọ Maroko. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn, ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni wọ́n sọ di aláìnílé lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọjọ́ méje péré. Ìwọ̀nba díẹ̀ lára àwọn onílé ibẹ̀ ni ìjọba fún ní fúláàtì ní Ilasan àti Ikota, òmíràn kò sì ní ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé. Àwọn ìyókù wá ibi gbà fúnra wọn. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹ lọ wo irú ilé tó dúró síbẹ̀ lónìí.

Ṣé o mọ̀ pé láti ọdún 1978 ni òfin ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà? Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń wá ilẹ̀ ní ìhà Ajah fi máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé ó ti ní excision? Ṣé ó wà nínú gazette?" Ìjọba lè ti gba ilẹ̀ agbègbè kan lápapọ̀, kó wá yọ apá kan padà fún àwọn ọmọ abúlé tó tẹ̀dó síbẹ̀. Èyí tí wọ́n yọ ni excision, inú gazette, ìwé ìkéde ìjọba, ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí. Ilẹ̀ tí ìjọba bá ti pinnu fún iṣẹ́ tirẹ̀, tí àwọn èèyàn ń pè ní committed, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè sọ ọ́ di tìrẹ. Nítorí náà, aláàánú tó bá fẹ́ kọ́lé fún aláìní níbí, orí ìwé ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn bàbá wa ti ń kọ́lé fúnra wọn láìsí báńkì? Ẹni tó fẹ́ kọ́lé á bẹ ọ̀wẹ̀: àna, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò á po amọ̀, wọ́n á mọ ògiri ní ìpele ìpele, onílé á sì wá oúnjẹ àti ẹmu. Ti àáró yàtọ̀: bí mo bá bá ọ ṣe tìrẹ lónìí, ó di dandan kí o bá mi ṣe tèmi lọ́la.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni ẹgbẹ́ aláàánú tí ayé mọ̀ jù fún ilé kíkọ́ ti dán iṣẹ́ rẹ̀ wò? Millard Fuller, agbẹjọ́rò olówó kan ní Amẹ́ríkà, àti Linda ìyàwó rẹ̀ kó ọrọ̀ wọn fún àwọn aláìní. Láàárín ọdún 1973 sí 1976, wọ́n ń kọ́lé ní ìlú Mbandaka ní Zaire. Ìgbà tí wọ́n padà sílé, sí ìlú Americus ní Georgia, ni wọ́n dá Habitat for Humanity sílẹ̀ lọ́dún 1976. Ó dé Gánà ní 1987. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o! Ẹni tí wọ́n ń kọ́lé fún yóò fi òógùn ara rẹ̀ bá wọn ṣe é, yóò sì máa san owó ilé náà díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè fi kọ́ ti ẹlòmíì. Ta ni kò rí àáró níbẹ̀?

Ṣé o mọ̀ pé o lè máa san owó ilé títí ilé á fi di tìrẹ? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò Rent-to-Own. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wàá kọ́kọ́ san, o sì ní ọdún mẹ́wàá láti san ìyókù. Ẹni tó ń san owó orí ní Èkó ló wà fún, owó oṣooṣù náà kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé fún un. Jẹ́ ká ṣírò ilé mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, láìka èlé kankan: 500,000 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà bí 79,200 lóṣù. Ẹni tó máa rí i san gbọ́dọ̀ ní tó 237,500 lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù tí Èkó kéde lọ́dún 2024 jẹ́ 85,000. Bí tọkọtaya tó ń gba iye yìí bá da tiwọn pọ̀, kò tíì tó.

Ṣé o mọ̀ pé aláta, mẹkáníìkì àti télọ̀ náà lè dá owó sí àpò ilé ìjọba àpapọ̀? Òfin ọdún 1992 ló dá National Housing Fund sílẹ̀. Ìdá méjì àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé ni à ń dá; ẹni tó ń gba 85,000 á dá 2,125 lóṣù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, o lè tọrọ owó ilé. Bí o kò bá sì yá a rárá, wọ́n á dá owó rẹ padà pẹ̀lú èlé díẹ̀ nígbà tí o bá pé ẹni ọgọ́ta ọdún.

Ṣé o mọ̀ pé òfin ilé gbígbé Èkó ti ọdún 2011 kò gba onílé láàyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun? Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti Ikeja GRA nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀. Kò yọ Lẹ́kì, kò yọ Ajah. Owó ọdún kejì tí wọn kò bá gbà lọ́wọ́ rẹ, ó lè di owó ìbẹ̀rẹ̀ ilé tìrẹ.

Kí o tó san kọ́bọ̀ fún ilé tàbí ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú, gbé survey rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláúsá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Aláàánú lè fún ọ ní ilé, ṣùgbọ́n ìwé ni kì í jẹ́ kí wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ rẹ.