Yíyan Ètò Kọ̀ǹpútà fún Àtúnṣe Ohùn

Ẹni tí ó bá gba ohùn oníjàálá tàbí onírárà sílẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́. Ó kù kí ó yan ètò kọ̀ǹpútà tí yóò fi tún un ṣe.

Kì í ṣe owó nìkan ni ó yẹ kí ó pinnu yíyàn yìí. Ọ̀fẹ́ ni Audacity, tí ó jáde ní ọdún 2000, ó sì tó fún gígé ohùn àti síso ó pọ̀. Ẹni tí ó ní ìlù àti elégbè púpọ̀ láti tò lè fẹ́ràn Reaper, tí ènìyàn lè dán wò fún 60 ọjọ́ kí ó tó rà á.

Kókó ọ̀rọ̀ ni pé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni Yorùbá fi ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Ètò bíi Auto-Tune, tí ó jáde ní ọdún 1997, a máa fa ohùn akọrin sí orí ìró orin tí ó bá sún mọ́ ọn jù. Bí ó bá gbé ohùn ìsàlẹ̀ sókè nínú ìjálá, ọkọ̀ lè di ọkọ́. Ohùn tí ó ń yọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè a sì di àtẹ̀gùn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò yẹ ohùn ewì wa.

Ní ti àṣekágbá, mímú kí ohùn dún sókè kò burú, bí kò bá ti pọ̀ débi pé ohùn jẹ́jẹ́ àti igbe di ọgbọọgba.

Lákòótán, kí olúwarẹ̀ fi ohùn ìpilẹ̀ṣẹ̀ pamọ́ ní WAV láìfọwọ́ kàn án, nítorí MP3 a máa yọ apá kan ìró dànù, kì í sì í dá a padà. Bí akéwì bá ti filẹ̀ ṣaṣọ bora, ẹ̀dà yìí ni yóò máa jẹ́rìí ohun tí ó wí.