Maïté: láti ẹ̀gbẹ́ ojú irin dé orí amóhùnmáwòrán

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí òwe yìí bá bá ẹnikẹ́ni mu ní ilẹ̀ Faransé, Marie-Thérèse Ordonez ni, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Maïté. Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni ó dágbére fáyé, ní ẹni ọdún 86.

Rion-des-Landes, ìlú kékeré kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé, ni a ti bí i ní ọdún 1938. Kò ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn alásè jáde. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni ó ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí 20 ọdún. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lókèèrè, òun ni í fun fèrè kí àwọn tí ń tún irin ṣe lè tètè yà kúrò lọ́nà. Ẹni tí ó bá tòògbé lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí ènìyàn ni yóò fi ṣòfò.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, a máa se oúnjẹ fún ẹgbẹ́ rọ́gíbì ìlú rẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí à ń fi ọwọ́ gbé sá. Ìdí eré náà ni Patrice Bellot, olùdarí ètò amóhùnmáwòrán, ti ṣe alábàápàdé rẹ̀. Ní ọdún 1983, ètò *La Cuisine des mousquetaires* bẹ̀rẹ̀ lórí FR3.

Micheline Banzet-Lawton, tí ó ti ṣiṣẹ́ rédíò rí, ni wọ́n fi tì í. Àwọn méjèèjì kò jọra rárá. Micheline ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ọmọ Paris; Maïté ń sọ Faransé pẹ̀lú ohùn àwọn ará Gascogne, ó ń rẹ́rìn-ín kèé kèé, ó ń fi ọwọ́ lásán ya pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn aláwàdà ń sín in jẹ. Kò yí ohùn rẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé ẹja gígùn kan tí ó jọ ejò sórí tábìlì láàyè. Ẹja náà ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi igi gbá a. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ara àwọn mìíràn bù máṣọ. Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣe tí àwọn ìyá kì í ṣe lẹ́yìnkùlé? Ẹni tí ń jẹ ẹran tí kò fẹ́ rí ọ̀bẹ, ara rẹ̀ ni ó ń tàn.

Bí òkìkí rẹ̀ ti kàn tó, kò kó lọ sí Paris. Ní ọdún 1988, ó ṣí ilé oúnjẹ tirẹ̀, *Chez Maïté*, ní Rion-des-Landes, àwọn ènìyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá jẹun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òkìkí nìkan kò tó láti dá ilé oúnjẹ dúró. Ní ọdún 2015, ó kógbá sílé.

Ilé oúnjẹ náà lọ, ètò náà sì ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Ohun tí ó kù ni ohùn obìnrin kan tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣàárò rẹ̀ nígbà tí ó dákẹ́.