Ọ̀mì Kò Gbọdọ̀ Di Ìjà Nínú Ilé

Bí eré bọ́ọ̀lù bá parí tí ẹgbẹ́ kan sì borí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Ẹni tí ó borí a yọ̀, ẹni tí kò borí a fajú ro díẹ̀, a wẹ̀, a sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá gbá ọ̀mì, pàápàá ọ̀mì tí wọ́n fi òógùn àti agbára gbá, nígbà náà ni eré mìíràn ń bẹ̀rẹ̀ nínú pálọ̀. Ọkọ yóò ní ẹgbẹ́ tòun ni ó yẹ kí ó borí. Àbúrò rẹ̀ yóò ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ará ilé kejì tí ó wá bá wọn wòran yóò ní rẹfirí ni ó ba gbogbo nǹkan jẹ́. Kí ìyàwó tó gbé oúnjẹ dé orí tábìlì, ohùn ti ròkè, àwọn ọmọ ti jí lójú oorun, ẹnìkan sì ti sọ ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kó padà. Àwọn àgbà kò ṣèké nígbà tí wọ́n ní ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, a máa ka irú àríyànjiyàn yìí sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin, a ó sì ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ ara wa. Èmi kò rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ wa, tiwa náà ni. Àlàáfíà ilé wà nínú rẹ̀, owó ilé wà nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ lójoojúmọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, kí á tó wo ohun tí a lè ṣe sí i.

Kí ni ó mú kí ọ̀mì le tó bẹ́ẹ̀?

Kí bọ́ọ̀lù tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn baba wa ti mọ ọ̀mì nínú eré ayò. Ọmọ ayò 48 ni ó wà nínú ọpọ́n. Bí ẹni kìíní bá jẹ 24, tí ẹni kejì náà sì jẹ 24, kò sí ọ̀ta, kò sí òpè. Wọ́n ta ọ̀mì nìyẹn. A lè ka ọmọ ayò náà lójú gbogbo ènìyàn, iyàn a sì tán. Bọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan lè gbá bọ́ọ̀lù sójú ilé ẹgbẹ́ kejì nígbà ogún kí ọ̀kan ṣoṣo wọlé, kí ẹgbẹ́ kejì dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré kí tirẹ̀ náà sì wọlé. Góòlù wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ohun tí ojú àwọn òǹwòran rí kò dọ́gba. Èyí ni ìdí kìíní.

Ìdí kejì ni pé ọ̀mì kan náà kì í níye lórí bákan náà fún ẹni méjì. Ẹ wo àwọn ọmọbìnrin wa, Super Falcons, níbi ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti àwọn obìnrin ní ọdún 2023. Eré àkọ́kọ́ wọn pẹ̀lú Canada parí sí òdo sí òdo. Chiamaka Nnadozie, aṣọ́lé wa, ni ó dá pẹ́náritì tí Christine Sinclair gbá dúró. Canada yìí kan náà ni ó gba wúrà níbi ìdíje Olympics tí wọ́n ṣe ní Tokyo ní ọdún 2021. Nítorí náà ayọ̀ ni ọ̀mì náà jẹ́ fún wa, àdánù ni ó sì jẹ́ fún wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ṣẹ́gun Australia ní 3–2, wọ́n sì tún gbá òdo sí òdo pẹ̀lú Ireland. Ìṣẹ́gun kan àti ọ̀mì méjì fún wọn ní pọ́ìǹtì márùn-ún, wọ́n sì kọjá sí ìpele tí ó kàn. Pọ́ìǹtì mẹ́rin ni Canada ní, ó sì padà sílé.

Ní ìpele kejì, ní ìlú Brisbane, òdo sí òdo ni àwọn àti England tún gbá fún 120 ìṣẹ́jú, kí England tó fi pẹ́náritì borí ní 4–2. Bí ẹ bá bi ọmọ Nàìjíríà tí ó wo eré náà léèrè, yóò sọ fún yín pé àwa ni a gbá bọ́ọ̀lù jù. Bí ẹ bá bi ọmọ ilẹ̀ England, yóò ní ẹni tí ó kọjá ni ó borí. Ohun tí àwọn méjèèjì ń sọ kò jìnnà sí òótọ́. Ibi tí ọ̀mì ti ṣòro nìyí: ó máa ń fi òótọ́ díẹ̀díẹ̀ sí ọwọ́ oníkálukú.

Ọ̀mì méjì ti ọdún 1977

Àwọn òbí wa tí ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kò jẹ́ gbàgbé ọdún 1977. Ní ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀, IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà tí a ń pè ní Cup Winners' Cup. Wọ́n ṣẹ́gun Tonnerre ti Yaoundé, ní ilẹ̀ Cameroon, ní 4–1 nílé. Wọ́n sì gba góòlù kan sílé láìdá a padà nígbà tí wọ́n lọ sí ọ̀hún. Àwọn ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí ó gba ife Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n ń dáàbò bo ife náà ní ọdún 1977, ta ni wọ́n tún máa pàdé ní ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá bí kò ṣe Rangers ti Enugu!

Eré náà kì í ṣe eré kékeré. Oṣù Kìíní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Ọdún 1970 náà sì ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Rangers sílẹ̀. Ọgbẹ́ ogun kò tíì jinná tán lára ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì yìí pàdé. Wọ́n gbá ti àkọ́kọ́, òdo sí òdo ni. Wọ́n gbá èkejì ní Kaduna, òdo sí òdo náà ni. Ìṣẹ́jú 180 láìsí góòlù kan! Pẹ́náritì ni wọ́n fi là wọ́n, Rangers sì borí. Àwọn ni wọ́n lọ bá Canon ti Yaoundé nínú àṣekágbá, tí wọ́n sì gbé ife náà wá sílé.

Ẹ fojú inú wo irú àríyànjiyàn tí èyí dá sílẹ̀. Ará Ìbàdàn lè sọ pé nínú eré méjèèjì, kò sí ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé àwọn. Ará Enugu lè dáhùn pé ife kò sí ní Ìbàdàn mọ́, kí wọ́n yé ṣàlàyé. Iyàn tí ó dùn nìyí, bí ó bá dúró síbẹ̀. Ewu rẹ̀ wà níbi tí "ẹgbẹ́ yín" ti ń di "ẹ̀yà yín". Ní kété tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibẹ̀, a kò sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́.

Bí a ṣe lè mọ̀ pé iyàn ń di ìjà

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ máa fetí sí. Àkọ́kọ́ ni pé kí ọ̀rọ̀ kúrò lórí eré kí ó bọ́ sórí ènìyàn. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe máa ń rí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò rí i pé aṣọ́lé wa nìkan ni ó gbà wá lọ́wọ́ wọn?"

"Àbúrò, bí ó bá jẹ́ pé ẹ gbá bọ́ọ̀lù ni, kí ni aṣọ́lé yín ì bá máa fò kiri sí?"

Títí dé ibí yìí, ẹ̀rín ni. Àwọn ọ̀ta ayò pàápàá máa ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọpọ́n, kò sì sí ẹni tí ń bínú, nítorí pé bí a bá ti ká ọpọ́n nílẹ̀, yẹ̀yẹ́ náà parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ pé "irú yín ni kò mọ nǹkan kan" tàbí "bí gbogbo ìdílé yín ṣe máa ń ṣe nìyẹn", ẹ mọ̀ pé wọ́n ti kúrò lójú ọpọ́n.

Èkejì ni owó. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tí ń ta púùlù ní ilẹ̀ wa ti ń wá ọ̀mì kiri nínú eré bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Òyìnbó, títí kan eré àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí kò tó ẹni tí ń bá àwọn ẹgbẹ́ ńlá ṣe líìgì, tí wọn kò sì fi ojú rí rí. Lóde òní, inú fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń ta tẹ́tẹ́ náà. Bí ọkùnrin kan bá ń fi ìbínú jiyàn lórí ọ̀mì tí àwọn méjì tí kò mọ̀ gbá ní ìlú tí kò mọ̀, ó ṣeé ṣe kí owó oúnjẹ wà lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe bá a fa ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ tí eré parí. Ẹ mú ọjọ́ mìíràn tí ara rọ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ jókòó ti owó oṣù. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó ilé, owó oúnjẹ, owó ilé-ìwé àti owó ìtọ́jú àìsàn sọ́tọ̀. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni ẹ lè pè ní owó ìgbádùn. Tẹ́tẹ́ kì í ṣe ọ̀nà tí a fi ń wá owó ilé. Ẹni tí ó ni ilé tẹ́tẹ́ ni ó ń jèrè jù níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọwọ́. Bí ọkùnrin bá ń fọ́ àwo, tàbí tí ó na ọwọ́ sí ìyàwó tàbí ọmọ nítorí eré tí kò dùn mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé bọ́ọ̀lù ni ó fà á. Bọ́ọ̀lù kò lọ́wọ́. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ wọn tẹ̀wọ̀n lójú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi pamọ́ títí di ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò borí, nítorí pé ẹgbẹ́ kankan kì í borí lójoojúmọ́.

Ohun tí ó wà ní ọwọ́ wa

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ kò tíì dé ibi tí ó burú bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ètò díẹ̀ ni ó kù kí iyàn lè dùn kí ó má sì ba ilé jẹ́.

Ẹ kọ́ eré náà díẹ̀. Ìṣẹ́jú 45 ni apá kìíní, ìṣẹ́jú 45 ni èkejì, wọn a sì sinmi fún bí ìṣẹ́jú 15 láàrin. Bí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ mọ̀ pé eré tí ó bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún yóò parí kí aago méje tó lù. Ẹ se oúnjẹ sílẹ̀ ṣáájú, kí ó jẹ́ irú èyí tí ó ṣeé pín fún àlejò tí a kò ka iye wọn. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín dára púpọ̀ fún irú ọjọ́ báyìí, nítorí pé wọ́n ti wà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú ewé. Gúgúrú àti ẹ̀pà náà kò lówó lórí púpọ̀. Ẹ gbé oúnjẹ kalẹ̀ ní àkókò ìsinmi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ẹ̀yìn eré. Ẹni tí ebi ń pa, tí ó sì ti mu ọtí sí inú òfìfo, kì í gbọ́ àlàyé.

Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n fi yín ṣe rẹfirí. Bí ọkọ bá ní, "Ìyàwó mi, sọ òtítọ́, ta ni ó gbá jù?", àlejò rẹ̀ náà ń wo ẹnu yín. Ẹ lè fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn pé kí oníkálukú kọ́kọ́ sọ ohun kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ kejì ṣe dáadáa. Ẹ ó rí i pé ohùn yóò wálẹ̀. Ẹni tí ó bá lè yin aṣọ́lé ọ̀tá rẹ̀ kò lè bú ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá sì ní ẹgbẹ́ tí ẹ ń tì lẹ́yìn, ìlànà kan náà ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Àwọn ọmọ ń gbọ́

Ọmọ ọdún mẹ́fà kò mọ ohun tí ó fa ọ̀mì, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn baba rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ tí a fi ẹ̀yà bú ẹni tí ó wá bá wa jẹun, yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ìwé, yóò sì fi bú ọmọ tí wọ́n jọ jókòó. Bí ó bá sì gbọ́ tí àgbàlagbà méjì jiyàn títí, tí wọ́n rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì jọ bọ ọwọ́ nínú àwo, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ìwé kò lè kọ́ ọ.

Ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ yín. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ọ̀mì méjì ti 1977, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, Nàìjíríà bá Algeria gbá àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní Èkó, ó sì borí ní 3–0. Góòlù méjì ni Segun Odegbami gbá wọlé, Muda Lawal gbá ẹyọ kan. Best Ogedegbe ni ó ṣọ́ ilé. Ọmọ Shooting Stars ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ta ni balógun tí wọ́n tẹ̀ lé wọ pápá, tí ó sì gba ife náà lórúkọ gbogbo wọn? Christian Chukwu ti Rangers ni. Àwọn tí a fi orúkọ wọn jà ti jọ wọ aṣọ kan náà, nígbà tí ó ṣeé ṣe kí àwọn kan tí wọ́n wòran wọn ṣì wà nínú ìkùnsínú.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún gbá ọ̀mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Ẹnu kò ṣeé dí. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ iyàn ojú ọpọ́n: kí àwo wà ní odidi, kí owó oúnjẹ wà níbi tí ẹ fi í sí, kí àlejò sì lè padà wá láìfòyà.