Bí Wẹ́bùsáìtì Bá Ń Kó, Kí Ímeèlì Má Sọnù

Ẹni tó bá ń gba títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kò lè ṣàì mọ dòdò Ìkirè: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá àlà, tí wọ́n pò mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n sì dín nínú epo pupa títí tó fi dúdú. Ìyá kan wà nílùú wa tí kì í gbé tirẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mọ́. Àwọn Yorùbá tó wà ní London ló ń tà á fún, ímeèlì ni wọ́n sì fi ń béèrè ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan bá a kó wẹ́bùsáìtì rẹ̀ kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Wẹ́bùsáìtì náà ń ṣí wàrà, ó tiẹ̀ dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ẹnikẹ́ni kò béèrè dòdò. Màmá rò pé ọjà kò yá mọ́ ni.

Iṣẹ́ wẹ́bùsáìtì ni mò ń ṣe nílùú yìí. Nígbà tó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi ímeèlì tèmi kọ̀wé sí i lójú rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí èsì fi dé: 550, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Mo ní, “Màmá, wọ́n ń kọ̀wé sí yín o. Wọ́n kàn ń sọ fún wọn pé ẹ ò sí ńlé ni.” Ṣe ni màmá káwọ́ lérí.

Ọ̀rọ̀ kíkó wẹ́bùsáìtì ti wọ́pọ̀ ní Ìkirè àti Àpòmù báyìí. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ wa háyà ààyè sí, dọ́là ni à ń san. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ọjà máa sọ iye tí náírà jẹ́, owó náà ti ga ju agbára ilé ìwé kékeré àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ, wọ́n sì ń kó bọ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba náírà. Mo fara mọ́ ọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó bá wọn kó o á ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, á rí i pé ó ṣí, á gba owó iṣẹ́ rẹ̀, á sì máa lọ. Kò ní béèrè ibi tí lẹ́tà ń gbà.

Orúkọ tó parí sí .com tàbí .ng dà bí agboolé: orúkọ kan, ojúlé púpọ̀. Ìwé tó ń sọ ẹni tó wà ní ojúlé kọ̀ọ̀kan ni DNS, tí Paul Mockapetris, ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1983. Ìlà kan nínú rẹ̀, tí à ń pè ní A, ló ń sọ nọ́ńbà ẹ̀rọ tí wẹ́bùsáìtì wà. Ìlà mìíràn, MX, tí wọ́n kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ lóṣù Kìíní ọdún 1986, ló ń sọ ẹ̀rọ tó ń gba lẹ́tà. Kò pọn dandan kí méjèèjì wà lójú kan. Nítorí pé wọ́n máa ń tà wọ́n pọ̀ fún wa la ṣe rò pé ohun kan náà ni wọ́n.

Nameserver ni ẹni tó ṣiṣẹ́ fún màmá yí padà, ibẹ̀ sì ni odidi ìwé DNS wà. Bó ṣe yí i, ìwé tí ilé-iṣẹ́ tuntun kọ fúnra wọn ni gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í kà, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni kí lẹ́tà máa wá. Kò sẹ́ni tó ṣí àpótí lẹ́tà fún màmá níbẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ tuntun náà kú pátápátá ni, ì bá sàn. Bí ẹ̀rọ tó ń gba lẹ́tà kò bá dáhùn, ẹ̀rọ tó fi í ránṣẹ́ á máa padà wá gbìyànjú. Ìlànà ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 4 tàbí 5 kó tó sọ̀rètí nù. Èyí tó bá dáhùn pé 550 ló ń dá lẹ́tà padà lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo máa ń da gbogbo ìlà inú DNS àtijọ́ kọ sínú ìwé. Lára wọn, SPF ń sọ àwọn ẹ̀rọ tó láṣẹ láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórúkọ yín, DKIM sì ni òǹtẹ̀ tó wà lára lẹ́tà. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti mú ọ̀rọ̀ wọn le. Lẹ́tà tí kò bá ní wọn lè bọ́ sínú spam, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ gbà á wọlé.

Ibi tí mo ti ń rí wàhálà jù rèé. Lórí ọ̀pọ̀ hosting tó ń lo cPanel, ìyẹn ojú ìwé tí à ń gbà tọ́jú wẹ́bùsáìtì, bí ẹ bá wo ìlà MX, orúkọ wẹ́bùsáìtì fúnra rẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀. Ìyẹn ni pé ibi tí wẹ́bùsáìtì bá lọ ni lẹ́tà á tẹ̀ lé e lọ. Ẹni tó bá yí ìlà A nìkan padà, tó gbà pé òun kò fọwọ́ kan ímeèlì, ti gbé ímeèlì kúrò níbi tó wà láìmọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìlà A mìíràn fún orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “mail”, kí ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀rọ àtijọ́ sí i, kí MX máa tọ́ka síbẹ̀. Bí “mail” bá ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí ó lè jẹ́ orúkọ wẹ́bùsáìtì yẹn náà ló tún ń tọ́ka sí. Ẹ wo TTL pẹ̀lú, iye ìṣẹ́jú àáyá tí àwọn ẹ̀rọ yòókù lè fi rántí ìlà kan kí wọ́n tó padà wá béèrè. 14400, tó wọ́pọ̀, jẹ́ wákàtí 4. Mo máa ń sọ ọ́ di 300, ìyẹn ìṣẹ́jú 5, ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí n lè tètè tún un ṣe bí nǹkan bá yíwọ́.

Fọ́ọ̀mù tí oníbàárà ń kọ lórí wẹ́bùsáìtì tún ń bẹ, èyí ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀rọ tuntun lè gbà pé òun ló ni ímeèlì yín. Á fi ohun tí wọ́n kọ sínú àpótí kan tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí, kò sì ní wo MX rárá. Kò sí 550, kò sí ìkìlọ̀ kankan. Bí ímeèlì yín bá ṣì wà níbi àtijọ́, lábẹ́ “Email Routing” nínú cPanel ti ẹ̀rọ tuntun, “Remote Mail Exchanger” ni kí ẹ mú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ fọ́ọ̀mù náà, kí ẹ sì dúró títí lẹ́tà rẹ̀ á fi dé.

Bó bá jẹ́ pé ímeèlì náà ń kó lọ, ẹ ṣí gbogbo àpótí sílẹ̀ níbi tuntun kí ẹ tó yí MX. Ẹ fi IMAP, ọ̀nà tí à ń gbà ka lẹ́tà inú àpótí, da àwọn lẹ́tà àtijọ́ kọ, kí ẹ sì san owó ibi àtijọ́ fún oṣù kan sí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa ni rìsíìtì àti àdéhùn ọdún púpọ̀ máa lọ.

Ẹ̀yin tó ní wẹ́bùsáìtì, mo bẹ̀ yín, ẹ béèrè lónìí lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é fún yín: orúkọ ta ló wà lórí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ímeèlì wo ni wọ́n sì fi sílẹ̀ níbẹ̀? Bó bá jẹ́ ímeèlì tó wà lábẹ́ orúkọ yẹn gan-an ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí Gmail tàbí òmíràn tó dá dúró. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà bá dáwọ́ dúró, ibẹ̀ ni wọ́n máa fi ìlànà páswọ́ọ̀dù tuntun ránṣẹ́ sí.