Ìgbòdì: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àìsàn tí Ó Ní Òṣùwọ̀n

Ní ìgbà ọyẹ́, kò sí àdúgbò kan láti Ìkọ̀lé dé Ìdó tí a kì í ti í gbọ́ ìró sísín. Nítorí náà, bí ẹni tí ń tọ́jú eku àti ehoro ní yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì bá ń sín, tí ojú ń yún un, ọ̀fìnkìn ni yóò pè é. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá kásẹ̀ nílẹ̀ tí sísín náà kò lọ, tí ó ń rọlẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi tí ó sì ń padà ní ọjọ́ Ajé, orúkọ náà kò bá àìsàn mu mọ́. Ẹni tí ó bá sì dúró lórí ọ̀fìnkìn lè máa bá iṣẹ́ lọ títí yóò fi di ikọ́ fée.

Ọ̀rọ̀ náà kan Èkìtì Àríwá gan-an. Láti 2011 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọyẹ́, tí ó ní ọgbà mìíràn ní Ìkọ̀lé; ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdó. Níbi tí a bá ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìṣègùn, àgò ẹran kì í sábà jìnnà.

Ohun tí ń fa àìsàn náà ni àwọn purotéènì tí ó wà nínú ìtọ̀, itọ́ àti èépá awọ ẹran. Ìtọ̀ eku ṣe pàtàkì nínú wọn. Bí ó bá gbẹ sára ohun tí a tẹ́ sínú àgò, a di eruku tí púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Irú eruku bẹ́ẹ̀ kì í tètè balẹ̀. A máa bá èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ara àwọn kan a kà á sí ọ̀tá, a sì pèsè èròjà ajàfára tí a ń pè ní IgE dè é. Ìwádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fi hàn pé ó ju ẹni 1 lọ nínú 10 tí ń bá irú ẹran bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ tí àìsàn yìí ń mú, pàápàá láàárín ọdún 3 àkọ́kọ́.

Kí ni kí a máa pè é? Clemens von Pirquet, oníṣègùn ọmọdé ará Austria, ni ó dá orúkọ tí ayé ń lò sílẹ̀ ní 1906. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni ó so pọ̀: èkínní túmọ̀ sí ‘òmíràn’, èkejì túmọ̀ sí ‘iṣẹ́’. Ní Yorùbá, àwọn kan ń pè é ní èèwọ̀ ara. Orúkọ yìí fi hàn pé ohun tí kò ṣe ẹnìkan ní nǹkan lè ṣe ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù méjì. Inú ìdílé ni a ti sábà ń bá èèwọ̀. Lẹ́yìn ìfarakanra ni àìsàn yìí ń dé. Bákan náà, èèwọ̀ kò ní òṣùwọ̀n: ẹni tí ó jẹ díẹ̀ àti ẹni tí ó jẹ púpọ̀, wọ́n jọ jẹ èèwọ̀ ni. Eruku eku ní òṣùwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ti wà lẹ́nu ará ilé. Bí oògùn bá ṣe òdìkejì ohun tí a retí, wọ́n a ní ó gbòdì lára aláìsàn. Láti inú rẹ̀ ni a ti lè fa ìgbòdì yọ fún àìsàn náà, agbòdì fún èròjà tí ń fà á, àti agbòdì inú afẹ́fẹ́ fún èyí tí ń fò. Òdì tí ó wà nínú rẹ̀ sún mọ́ ‘iṣẹ́ òmíràn’ ti von Pirquet pẹ́kípẹ́kí.

Láti wọn agbòdì inú afẹ́fẹ́, a ó so pọ́ǹpù kékeré mọ́ ìgbànú òṣìṣẹ́, a ó sì fi asẹ́ rẹ̀ há ọrùn aṣọ, nítòsí imú. Bí pọ́ǹpù bá ń fa lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan, yóò fa lítà 960 ní wákàtí 8. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àpótí tí ó gùn, tí ó fẹ̀, tí ó sì ga ní mítà kọ̀ọ̀kan. A ó fọ ohun tí asẹ́ gbà jáde, a ó sì fi ELISA, ọgbọ́n àyẹ̀wò tí Engvall àti Perlmann gbé jáde ní Sweden ní 1971, mọ iye agbòdì inú rẹ̀. Nanogram ni a fi ń kà á, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan gíráàmù. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni ó fi hàn pé ẹni tí ń da ìdọ̀tí àgò nù tí ó sì ń fọ̀ ọ́ ni ó sábà ń fa eruku jù lọ. Òun náà ni ó sì lè má rí ìkìlọ̀ kankan kà ní èdè tí ó yé e.

Ohun tí a bá ti wọ̀n ṣeé dín kù. Kí a fi omi nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀ gbígbẹ. Kí a tẹ́ ṣùkù àgbàdo tí a lọ̀ dípò lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn ń dà sílẹ̀, nítorí àyẹ̀wò ti fi hàn pé agbòdì tí ń ti inú rẹ̀ fò kéré jù. Kí afẹ́fẹ́ má ṣe ti ọ̀dọ̀ àgò fẹ́ wá sí imú òṣìṣẹ́. Kí ẹran má pọ̀ jù nínú yàrá kan. Kí aṣọ iṣẹ́ má bá ènìyàn délé. Ìbòmú N95 wúlò. Aṣọ lásán tí a so mọ́ imú kò tó. Ẹni tí àmì ti hàn lára rẹ̀, kí ó tètè lọ rí dókítà, nítorí díẹ̀ lè tó láti dá a lágara.

Bí olùkọ́ bá lè sọ fún òṣìṣẹ́ pé eruku eku ni ó gbòdì lára rẹ̀, yóò yé e pé kì í ṣe ọyẹ́, kì í sì í ṣe èèwọ̀ tí ó jẹ. Ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e lẹ́nu rẹ̀ ni pé: báwo ni ó ti pọ̀ tó, báwo ni a ó sì ti ṣe dín in kù?