Kí Ilé Má Baà Dagun Nínú Fọ́tò

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ wo fọ́tò ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé tá a máa ń tẹ̀ sára kàlẹ́ńdà. Ìsàlẹ̀ á fẹ̀, òkè á súnkì, ilé á dà bí ẹni fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi bíríkìlà o!

Ẹ jẹ́ ká mú Cocoa House ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, ilé alájà 26 tí wọ́n fi owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa kọ́, tó parí ní 1965. Ẹni tó dúró sẹ́sẹ̀ ilé yìí gbọ́dọ̀ gbé ojú kámẹ́rà sókè kó tó rí orí rẹ̀. Òkè sì jìnnà sí i ju ìsàlẹ̀ lọ, ohun tó bá jìnnà, kékeré ló ń hàn.

Ẹ sún sẹ́yìn, tàbí kẹ́ ẹ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí i, kí kámẹ́rà lè dúró ṣánṣán. Bí kò bá sáyè, fóònù òde òní lè tún un ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yà á tán. Ṣùgbọ́n yóò gé etí fọ́tò, torí náà ẹ fàyè sílẹ̀ yí ilé ká. Ẹ má sì fà á jù, kórí ilé má lọ fẹ̀ ju ìdí lọ.

Èyí tó ká wa lára jù ni ti ilé tí wọ́n fẹ́ tà, tàbí tí wọ́n fẹ́ fi yáwó. Bí ògiri bá dagun lóòótọ́, ẹ má fi fóònù nà án. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kẹ́ ẹ fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri náà kẹ́ ẹ tó yà á. Okùn ni kẹ́ ẹ tò gún nínú fọ́tò. Bí okùn bá gún tí ògiri ṣì dagun, ẹ pe bíríkìlà.