Òkun ń kan, bàbà ń já gbà: ohun tó ń lé ewé kúrò lára iyùn

Egungun ẹranko òkun ni iyùn pupa tí àwọn ọba ń so mọ́rùn. Inú òkun Mẹditaréníà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀ sí, ni ó ti ń gbé, ó sì ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń kọ́ òkìtì sínú òkun ilẹ̀ olóoru yàtọ̀. Ewé tíntìntín tí ojú lásán kò rí, tí wọ́n ń pè ní algae, ló ń gbé inú ẹran ara wọn, tó ń fi oòrùn se oúnjẹ. Iyùn gbà á sílé, òun náà ń bọ́ onílé.

Àjọgbé yìí ló ń mì báyìí. Òkun ń fa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èéfín kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú sáfẹ́fẹ́, èyí sì ń mú kí omi rẹ̀ kan. Láti ayé àwọn ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ àkọ́kọ́, pH ojú òkun, òṣùwọ̀n tó ń lọ sílẹ̀ bí omi bá ṣe ń kan sí i, ti lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí 8.2 sí 8.1. Kò tíì kan lẹ́nu bí ọsàn ìlú Fìdítì tí kò pọ́n, ṣùgbọ́n ásíìdì inú rẹ̀ ti fi nǹkan bí 30% lé sí i.

Kábọ́ọ̀nù nìkan kì í fìgbà gbogbo pa ewé náà lára. Àwọn ẹ̀yà kan tilẹ̀ ń rí i lò. Bàbà tó wà nínú omi òkun ló mú ọ̀rọ̀ le. Díẹ̀ rẹ̀ ṣe ewé láǹfààní, àpọ̀jù rẹ̀ jẹ́ májèlé. Kábónéètì inú omi òkun máa ń dì mọ́ ọn, kì í jẹ́ kó ṣọṣẹ́. Bí omi bá ṣe ń kan sí i, kábónéètì á dín kù, bàbà á já gbà, ó sì lè ba ohun tí ewé fi ń se oúnjẹ jẹ́. Iyùn á lé ewé aláìsàn jáde, á funfun, ebi á mú un. Ṣùgbọ́n ooru ló sábà ń fa fífunfun yìí. Ní oṣù Kẹrin 2024, àjọ NOAA ti Amẹ́ríkà, tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́, kéde pé fífunfun iyùn ti kárí ayé nígbà kẹrin.

Kí ló kan ará ìlú Imini ní Afijió, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́? Òkun jìnnà síbẹ̀, etíkun Nàìjíríà kò sì ní òkìtì iyùn ńlá. Erékùṣù São Tomé ni kí a wo fún iyùn nítòsí wa. Ṣùgbọ́n Odò Ògùn ń ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣàn lọ sí Ọ̀sà Èkó, ọ̀sà sì ṣí sí òkun. Bàbà wà nínú púpọ̀ oògùn tí àgbẹ̀ ń fín kí kòkó má baà rà dúdú, ó sì wà nínú ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ìdí ọkọ̀ òkun. Kó tó dé ọ̀dọ̀ iyùn kankan, ẹja odò àti ti ọ̀sà ló máa kọ́kọ́ bá.

Gbogbo ayé ló gbọ́dọ̀ pawọ́ pọ̀ dín kábọ́ọ̀nù kù. Ti bàbà kò tó bẹ́ẹ̀: ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, kí wọ́n má fín oògùn nígbà tí òjò bá ṣú, kí wọ́n má sì fọ garawa oògùn sódò.